Àwọn Lẹ́tà Tó Jáde láti Salt Lake

Ní ọ́fíìsì Brigham Young ní Salt Lake City, lẹ́tà kì í jáde láìní ẹ̀dà. Akọ̀wé á fi omi rin ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tẹ́ ẹ sórí lẹ́tà náà, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yíǹkì yóò fi ràn mọ́ ọn. Lẹ́tà á bá ẹlẹ́ṣin lọ, ẹ̀dà á wà nílé. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyẹn la fi mọ ohun tó ń sọ fún àwọn abúlé ìjọ rẹ̀, àwọn Mọ́mọ́nì, ní 1857, nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá bá wọn.

*

Wòlíì ni Young lójú ìjọ rẹ̀. Gómìnà Utah ni láti 1851, òun náà ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ fún ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù tó bá gba lẹ́tà rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá wòlíì ni tàbí gómìnà ló ń bá òun sọ̀rọ̀. A lè bá gómìnà jiyàn. Ta ni yóò bá wòlíì jiyàn?

*

Ọjọ́ 24 oṣù keje ni ìròyìn ogun náà kàn àwọn Mọ́mọ́nì, níbi tí wọ́n ti ń ṣàjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dé Utah. Ààrẹ James Buchanan ti rán nǹkan bí 2,500 ọmọ ogun láti fi Alfred Cumming jẹ gómìnà. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí Young pé wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Wọ́n tilẹ̀ ti fagi lé àdéhùn ìfìwéránṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn Mọ́mọ́nì. Ìjọba tó lè rán ogun, tí kò lè rán lẹ́tà, ẹ̀bi tirẹ̀ kò kéré.

*

Lẹ́tà oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ ọkà ló kún inú wọn: ẹ tọ́jú àlìkámà, ẹ má fi ṣòfò, ẹ má tà á fún àwọn arìnrìn-àjò. Jacob Hamblin, tó wà láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù, gba tirẹ̀: kí ó mú wọn lọ́rẹ̀ẹ́, nítorí bí wọn kò bá ran Mọ́mọ́nì lọ́wọ́, ìjọba yóò pa àwọn méjèèjì. Lójú ẹni tí ogun ń bọ̀ wá bá, ìmọ̀ràn tó bọ́gbọ́n mu ni. Àmọ́ ó sọ gbogbo àlejò ojú ọ̀nà di ẹni ìfura.

*

Lẹ́tà ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ni n kò lè gbàgbé. Àwọn ará Arkansas, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ń gba gúúsù Utah lọ sí California. Ọjọ́ 7 ni wọ́n kọ lù wọ́n ní Mountain Meadows. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Isaac Haight, tó jẹ́ olórí ìjọ àti ọ̀gá ọmọ ogun ní Cedar City, rán James Haslam sí Young pé kí ni kí àwọn ṣe. Ọ̀nà náà tó 250 máìlì. Haslam dé lọ́jọ́ 10, ó gba èsì yìí: ẹ má ṣe dí àwọn arìnrìn-àjò náà lọ́wọ́. Ó sì yí ẹṣin padà. Ọjọ́ 13 ló padà wọ Cedar City. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 11, àwọn ọmọ ogun Mọ́mọ́nì ti fi àsíá funfun tan àwọn èèyàn náà jáde. Wọ́n pa nǹkan bí 120. Ọmọ kéékèèké 17 ni wọ́n dá sí.

Àwọn kan mú lẹ́tà yìí bí ẹ̀rí pé ọwọ́ Young mọ́. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí ibi tó ti ní àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ní tèmi, lẹ́tà kan kì í dá dúró. Ìkìlọ̀ oṣù kan gbáko ti wọ àwọn èèyàn lára kí ti ọjọ́ 10 tó gbéra.

*

Lóṣù kẹwàá, Lot Smith, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Mọ́mọ́nì, dáná sun kẹ̀kẹ́ ẹrù ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 70. Lóṣù kọkànlá, nígbà tí òtútù há wọn mọ́ ẹ̀bá Fort Bridger, Young fi nǹkan bí 800 pọ́ùn iyọ̀ ránṣẹ́ sí Albert Sidney Johnston, olórí wọn, pẹ̀lú lẹ́tà. Johnston dá a padà.

*

Lẹ́tà Young tún dé ọ̀dọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì tó wà ní San Bernardino ní California àti ní Carson Valley: ẹ máa bọ̀ nílé. Àwọn èèyàn ta oko ní ọ̀pọ̀. Ọ̀pọ̀ dúró ní San Bernardino. Àwọn yẹn náà gbàgbọ́, ṣùgbọ́n oko wọn ti ta gbòǹgbò.

*

Lóṣù kìíní 1858, Young kọ̀wé sí Washington nípa Mountain Meadows. Ó di ẹ̀bi náà ru àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn Paiute kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn aṣáájú Mọ́mọ́nì agbègbè náà ló gbìmọ̀ rẹ̀. Paiute kò ní akọ̀wé, kò ní ẹ̀dà lẹ́tà tí yóò gbé jáde. Nínú àwọn aṣáájú wọ̀nyẹn, John D. Lee nìkan ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ní 1877 ni wọ́n yìnbọn pa á níbi tí wọ́n ti pa àwọn ará Arkansas. Young fúnra rẹ̀ kú lóṣù kẹjọ ọdún kan náà.