Èjìnrìn, 1996: Ẹni Kan Tí Ó Sọnù Láàárín Ìwé Méjì

Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré nígbà tí wọ́n wí pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ohun tí òun ń sunkún lé lórí. Yóò sunkún títí, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa ṣìpẹ̀ fún un. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò mọ èyí tí òun ìbá ṣe. Bí ilẹ̀kùn bá dún lóru, yóò dìde. Bí àlejò bá wọ àdúgbò, yóò wo ojú rẹ̀ dáadáa. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ ìnira yìí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ọdún méje gbọ́dọ̀ kọjá kí ilé ẹjọ́ tó lè ka ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ sí òkú. Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìjọba òun tú gbogbo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nípa Amelia Earhart síta. Earhart ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan wa ọkọ̀ òfuurufú sọdá òkun Àtìláńtíìkì, ní ọdún 1932. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1937, òun àti Fred Noonan tí ó ń fi ọ̀nà hàn án di àwátì lórí òkun Pàsífíìkì, níbi tí wọ́n ti ń wá erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Howland. Kò tíì pé oṣù kan sí ìgbà náà tí obìnrin yìí gba apá ọ̀dọ̀ wa kọjá: ó balẹ̀ sí Saint-Louis àti Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó balẹ̀ sí Gao ní Málì, ó sì dé Fort-Lamy tí a ń pè ní N'Djamena lónìí.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá a lórí òkun tí ìbú àti òòró rẹ̀ tó 250,000 máìlì, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ìwé kò sọnù. Àwọn tí ó ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀ ojú omi Itasca, tí ó ń dúró dè é lẹ́bàá erékùṣù náà, ń tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ sínú ìwé pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ọdún 88, ọmọ ilé ìwé kan lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó sì mọ ìṣẹ́jú tí a gbọ́ ohùn obìnrin náà kẹ́yìn, àti pé epo ọkọ̀ rẹ̀ ti ń tán lọ.

Ọ̀rọ̀ Jean Mermoz, ògbólógbòó awakọ̀ òfuurufú ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò yàtọ̀. Dakar ni òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ti gbéra ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1936. Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 47 ní òwúrọ̀, rédíò gbé ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wá pé wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. A kò rí ọkọ̀, a kò rí òkú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan yẹn wà nínú ìwé, àwọn ẹbí sì mọ ibi tí ìrètí ti dópin.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni àwa kọ sílẹ̀ nípa tiwa?

Ẹni tí ó bá gba Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò kọjá ní Ìmọ́tà, ìlú Ranodu, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá sí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Níwájú díẹ̀ ni Ìtòkín wà, kò sì jìnnà síbẹ̀ ni Èjìnrìn, létí ọ̀sà. Láyé àtijọ́, ọjà Èjìnrìn gbajúmọ̀ débi pé àwọn ará Èkó ń tu ọkọ̀ wá síbẹ̀ láti bá àwọn Ìjẹ̀bú ná ọjà. Lónìí, ìlú jẹ́jẹ́ ni. Igbó àti àbàtà ni ó yí i ká, omi sì ni iwájú rẹ̀. Apá ibẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú ADC 086 já bọ́ sí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996.

Port Harcourt ni ọkọ̀ náà, Boeing 727, ti gbéra, Èkó ni ó ń bọ̀. Boeing 727 mìíràn, ti ilé iṣẹ́ Triax, ń gòkè bọ̀ láti Èkó ní tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ ni láti rí i pé ọkọ̀ méjì kò pàdé ní òfuurufú. Ní ọjọ́ náà, àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sí mọ́. Nígbà tí awakọ̀ ADC ṣàdédé rí ọkọ̀ kejì, ó yí tirẹ̀ pẹ̀lú agbára kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Wọn kò kọlu ara wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yíyí náà ti le jù; ọkọ̀ dojú dé, apá kò ká a mọ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti wọ inú omi àti ẹrẹ̀ lọ. Kò sí ẹni kankan tí ó yè. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ Triax balẹ̀ láyọ̀, wọ́n sì lọ sílé wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára àwọn tí ó kú. Ọmọ Omoku ní ìpínlẹ̀ Rivers ni, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìṣèlú tí ó lórúkọ jù lọ ní Áfíríkà. Lẹ́yìn tí ìjọba Sani Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, Ake fi ìbínú kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìwádìí àyíká Niger Delta. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún kan pé lẹ́yìn ikú Saro-Wiwa ni ọkọ̀ yìí já. Kí ni ẹ rò pé àwọn ènìyàn yóò sọ? Ní ayé ìgbà tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri, tí àwọn alátakò ìjọba ń sá gba ẹnubodè lọ, ọ̀pọ̀ gbà pé ikú náà ní ọwọ́ ayé nínú. Ìwádìí kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwé bá ti pẹ́ kí ó tó jáde, àhesọ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí àga rẹ̀, bí ó bá sì ti jókòó tán, ó ṣòro láti lé e dìde.

Ohun tí ó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ Èjìnrìn ni iye àwọn tí ó kú. Ìwé tí BBC kọ nípa àwọn ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 143 ni wọ́n. Àkójọ mìíràn tí gbogbo ayé ń lò ní 144 ni. Àtòjọ kan sì wà tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa máa ń tẹ̀ jáde nígbàkígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá tún já. Èyí ní èrò 142 àti òṣìṣẹ́ 9 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, èyí tí í ṣe 151. Olóòtú kan dà á kọ lọ́dọ̀ olóòtú mìíràn, ọdún ń gorí ọdún, kò sì sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò.

Láàárín 143 àti 144, ẹni kan ni. Ẹni náà ní orúkọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní ìyá. Ẹni tí ó bá rántí bí ìrìn àjò òfuurufú ṣe rí ní Nàìjíríà láwọn ọdún 1990 kò ní béèrè bí irú èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lè fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn wọ ọkọ̀, kí orúkọ tí ó wà nínú ìwé má sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó jókòó. Bí ọkọ̀ bá já, ilé kan yóò gbọ́ pé ọmọ àwọn ti kú nígbà tí ọmọ náà wà láàyè. Ilé kejì yóò máa retí ọmọ tí kò ní padà wá.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ Bellview tí ó gbé ènìyàn 117 kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá di àwátì. Àwọn aláṣẹ kéde pé wọ́n ti rí i ní agbègbè Kìṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò wà láàyè. Ẹ wo irú ayọ̀ tí yóò wọ ilé àwọn ẹbí! Kò pẹ́ tí òótọ́ fi hàn pé abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọkọ̀ náà já sí, nítòsí Èkó, ẹnikẹ́ni kò sì yè. Ìrètí tí a fi ẹnu lásán fún ènìyàn, tí a sì tún gbà padà, ó burú ju kí a má fún un rárá. Ìròyìn ìwádìí tí ó jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kò lè sọ pàtó ohun tí ó fa ìjàǹbá náà.

A kò lè sọ pé nǹkan kò yí padà. Lẹ́yìn Bellview, lẹ́yìn Sosoliso ní oṣù kejìlá ọdún 2005, àti lẹ́yìn ADC mìíràn tí ó pa Sultan Muhammadu Maccido ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ìjọba sọ àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá di àjọ tí ó dá dúró. NSIB ni àjọ náà ń jẹ́ lónìí, ó sì ń gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó dára ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n.

Ṣùgbọ́n àwọn ti 1996 ń kọ́? Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ nígbà náà wà nínú ìwé ìròyìn, àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì ń kú bí ènìyàn ṣe ń kú. Concord tí MKO Abíọ́lá dá sílẹ̀ ti kógbá sílé. Daily Times tí ó ti wà láti ọdún 1926 bọ́ sọ́wọ́ olówò aládàáni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn bá kú, fáìlì àti fọ́tò tí ó wà nínú ilé ìkówèésí rẹ̀ kì í rí ẹni sin wọ́n. Kòkòrò àti òjò ni ó máa ń jogún wọn. Ilé Àkójọ Ìwé Orílẹ̀-èdè wà ní inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ sì ń rí lẹ́tà àwọn òyìnbó amúnisìn kà níbẹ̀ títí di òní. Ó yẹ kí ìwé tí ó kan àwọn òkú Èjìnrìn rí irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ méje ni ó sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2026 ni ọgbọ̀n ọdún pé. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní Ìmọ́tà, Ìtòkín àti Èjìnrìn nígbà náà ti ń di àgbà; ohun tí ojú wọn rí kò sí nínú ìwé kankan bí a kò bá lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní agbègbè náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà àti fóònù lásán. Ìjọba ìbílẹ̀ lè béèrè fún orúkọ àwọn èrò, kí a fi wọ́n wé ohun tí àwọn ẹbí mọ̀, kí a sì kọ ọ́ ní ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní yàtọ̀ mọ́.

Amẹ́ríkà ṣì ń wá obìnrin kan lẹ́yìn ọdún 88. A kò ní kí Nàìjíríà wá ẹnikẹ́ni nínú òkun. Kí a kàn ka àwọn òkú wa pé.