Ọwọ́ Tó Mọ Idà, Ọwọ́ Tó Mọ Ìbọn

Àwọn tó ń gbá géèmù ìjà lórí kọ̀ǹpútà kì í yé jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé pad tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú ló dára jù ni, àbí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì? Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú àríyànjiyàn wọn ni pé wọn kì í bi ara wọn pé irú ìjà wo ni wọ́n fẹ́ lọ jà. Ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ wo géèmù ìbọn ná. Tí a bá ti máòsì sọ́tùn-ún díẹ̀, ojú ìbọn á yí sọ́tùn-ún níwọ̀nba bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ bá dúró, òun náà á dúró. Ọ̀pá kékeré orí pad kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ni ojú ìbọn á máa yí lọ títí a ó fi dá ọ̀pá padà sáàárín. Bí àtàǹpàkò bá pẹ́ díẹ̀, ojú ìbọn ti kọjá orí ọ̀tá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn fi máa ń ran ẹni tó di pad mú lọ́wọ́, tí géèmù fúnra rẹ̀ á rọra fa ojú ìbọn sún mọ́ ọ̀tá. Dennis Fong, tí wọ́n ń pè ní Thresh, kò nílò irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ló fi borí nínú ìdíje géèmù ìbọn Quake kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, ó sì gba Ferrari John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù náà, lọ.

Ti idà yàtọ̀. Nínú Elden Ring, tí FromSoftware ti Jàpáànù gbé jáde ní 2022, bọ́tìnì kan wà tó ń so ojú wa mọ́ ọ̀tá. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ìfojúsùn ti tán, ó ku ẹsẹ̀. Lórí pad, tí a bá ti ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́, jagunjagun wa á rọra rìn. Tí a bá tì í dópin, á sáré. A sì lè máa yí abàmì ẹranko po, kí a máa wá ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà W tí a fi ń rìn síwájú kò mọ̀ ju kí a tẹ̀ ẹ́ tàbí kí a má tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń rìn, W, A, S àti D, kò lè fún wa ju ìhà mẹ́jọ lọ, bọ́tìnì mìíràn la ó sì tún wá tí a bá fẹ́ rọra rìn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé èjìká pad ni wọ́n gbé idà sí, lábẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, tí àtàǹpàkò kò fi ní í kúrò lórí ọ̀pá bí a ti ń ṣá ọ̀tá. Ẹni tó ṣètò bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ ènìyàn.

Ìyà sì jẹ àwọn tó fi máòsì gbá Dark Souls, géèmù idà mìíràn, nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2012, torí pé pad ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Pad náà ní àléébù. Tí ọ̀pá rẹ̀ bá ti gbó, jagunjagun á máa dá rìn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tó bá ń gbá géèmù idà, tí kò tíì rówó rà á, kí ó yá ti ọ̀rẹ́ ná, kí ó fi bá ọ̀tá kan ṣoṣo jà dáadáa kí ó tó lọ sọ́jà. Ẹni tó jẹ́ pé ìbọn nìkan ló ń yìn, kí ó fi owó rẹ̀ ra máòsì gidi.