Inú Ẹran Lórí Òkè Jos

Ọ̀nà Akwanga ni mo gbà lọ sí Jos, èyí tó gun òkè Hawan Kibo kó tó já sí Riyom àti Bukuru. Arìnrìn-àjò tó bá lajú lójú ọ̀nà yìí yóò rí i pé bí ilẹ̀ ṣe ń ga sí i ni oúnjẹ ń yí padà. Jos ga ju òkun lọ tó nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù ibẹ̀ sì bá ànàmọ́ òyìnbó mu, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ilé acha, ọkà kan tí wóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Acha yìí ló mú mi ro ọ̀rọ̀ haggis, oúnjẹ inú ẹran àti ọkà àwọn ará Scotland tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yínmú sí. Èrò mi ni pé ẹ̀gàn tí à ń gan inú ẹran kò ti ara ẹran náà wá: ipò ẹni tí a rò pé ó ń jẹ ẹ́ ni à ń gàn. Ohun tó sì yẹ kó bà wá lẹ́rù gan-an, a kì í sábà bèèrè rẹ̀.

Ẹ wo gwote, tí àwọn ará Plateau ń fi acha sè. Epo pupa, irú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ìṣápá ló ń wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ alásè a sì tún kó ìfun àti ṣàkì màlúù sí i. Àwọn ará Scotland a máa gé ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ọkà òótì, àlùbọ́sà àti ọ̀rá, wọ́n á dì í sínú àpò ikùn àgùntàn, wọ́n á sì bọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó kọ́ ekejì nínú wọn. Lórí òkè tó tutù, ẹni tó pa ẹran kì í da nǹkan kan nù nínú rẹ̀, ọkà tí ilẹ̀ rẹ̀ bá sì mú jáde ni yóò fi gbé e lárugẹ.

Àwọn kan á ní oúnjẹ tálákà ni inú ẹran. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí iwe adìẹ fi jẹ́ ti baálé nílé Yorùbá? Kí ló dé tí ẹni tó wọ agbádá ńlá fi ń tò sí ìdí àmàlà n'Íbàdàn nítorí abọ́dì àti ṣàkì? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ná ọjà Jos láti ayé ọkọ̀ ojú irin kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní jíjẹ inú ẹran. Rògbòdìyàn ọdún 2001 àti 2008 pín àdúgbò Jos sí ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, síbẹ̀ kayan ciki, bí àwọn Hausa ṣe ń pe inú ẹran, wà lórí iná ní ìhà méjèèjì. Ní Scotland, akéwì kan, Robert Burns, ló kọ ewì yin haggis lọ́dún 1786. Lónìí, ní 25 oṣù kìíní ọdọọdún, fèrè ni wọ́n fi ń sìn ín wọlé àsè. Inú ẹran náà kò yí padà. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí padà. (Ẹni tó sì ń yínmú sí ìfun, tó wá ń ra sọ́séèjì, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi ń dì í láti ìbẹ̀rẹ̀.)

Àtakò tó lágbára ni ti àìsàn. Láti ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de fùkù ẹran gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ènìyàn, ìdí nìyí tí ojúlówó haggis kò fi lè wọ ibẹ̀. N kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù a máa fara hàn nínú fùkù; aràn tí màlúù ń kó létí omi àbàtà a sì máa gbé inú ẹ̀dọ̀. Aláboyún náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ ní àjẹjù, nítorí fítámìnì A inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n fùkù àti ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an ni dókítà ẹranko ń là wò ní odò ẹran láti mọ̀ bóyá ara màlúù náà le. Àwọn ló ń jẹ́rìí. Ẹran itan kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó sá fún fùkù, tó wá ra itan màlúù tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, kò tíì sá fún nǹkan kan.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti Jos ju ti ibòmíràn lọ. Ìtòsí ìlú náà, ní Vom, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1924; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹran ọ̀sìn fún gbogbo Nàìjíríà. Ibi tí ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìrísí ìfun dẹ́rù ba ará ìlú, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi táyà jó irun orí àti ẹsẹ̀ màlúù ní ọ̀pọ̀ odò ẹran ilẹ̀ wa. Èéfín táyà burú ju ṣàkì tí wọ́n fọ̀ dáadáa lọ.

Bí ẹ bá dé Jos, ẹ jẹ gwote tó ní kayan ciki nínú. Bí ẹ bá sì padà délé, kí ẹ tó ra ẹran itan, ẹ kọ́kọ́ bi alápatà yín léèrè ẹni tó yẹ ẹ̀dọ̀ màlúù náà wò.