Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta ní Japoma

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, àti ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí a jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan náà, ìyà kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi fà, òun ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé láti kékeré ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú gègé.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, ó sì ra ìwé bàálù fún mi láti Èkó. Ọjọ́ Ẹtì tí mo gbéra gan-an ni iṣẹ́ pàjáwìrì gbé e lọ sí Yaoundé, kò sì ní padà títí di ọjọ́ Ajé. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù pé, "Àbúrò, má fòyà. Mo ti gba yàrá fún ọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Japoma, nítòsí ilé mi. Mo ti sanwó. Wọn yóò tọ́jú rẹ." Ibi tí ìbá ti ṣàlàyé ohun tí owó náà kàn ni tẹlifóònù ti gé.

Èmi náà kò lọ ní ọwọ́ òfo. Mo ti tọ́jú ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún sẹ́fà tí mo ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Kutọnu. Ẹ̀yin ará Kutọnu àti Lomé, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ níhìn-ín. Sẹ́fà tiyín àti sẹ́fà ti Kamẹrúùnù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iye kan náà ni wọ́n tó, nítorí 655.957 nínú èyíkéyìí wọn ni ó ń ṣe yúrò kan. Ṣùgbọ́n báńkì ọ̀tọ̀ ni ó ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ takisí ìlú kan kò sì ní gba ti èkejì. Ìbejì ni wọ́n, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. N kò mọ èyí títí mo fi na owó sí awakọ̀ tí ó gbé mi láti pápá bàálù dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́. Ó yẹ owó náà wò níwá-lẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi bí ẹni tí ó ń dá ewé padà fún ewúrẹ́. Obìnrin tí ó jókòó níbi ìgbàlejò ni ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú àpótí hòtẹ́ẹ̀lì, tí ó san án fún mi. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé gígùn kan jáde, ó kọ orúkọ mi, ó sì kọ gbèsè náà sí iwájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwé yìí. Òun ni ó bí gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Láti ìṣẹ́jú náà ni mo ti rò pé ohunkóhun tí mo bá fi ọwọ́ kàn nínú ilé yẹn, inú ìwé ni yóò wọ̀, báńkì kò sì ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé.

Ìlà-oòrùn Douala ni Japoma wà, ní ọ̀nà odò Dibamba. Pápá ìṣeré ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó gba 50,000 ènìyàn, tí wọ́n lò fún ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Níbẹ̀ ni Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè kékeré, ti fi àmì-ayò kan sí òdo gbo ewúro sí Àlùjẹ́ríà lójú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, Àlùjẹ́ríà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù 35 láìfìdí rẹmi. Ọmọkùnrin tí ó gbé ẹrù mi ni ó fi èdè Píjìn ròyìn gbogbo èyí fún mi lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń gbé ẹrù náà kalẹ̀ ní gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ wọlé. Ó ní nítorí èrò ìdíje náà ni wọ́n ṣe tún hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ṣe, tí wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Èrò lọ, òṣìṣẹ́ kù. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, àlejò méjì péré ni a jẹ́, òṣìṣẹ́ sì tó mẹ́sàn-án. Ẹ wo bí ìtọ́jú yóò ti pọ̀ tó!

Nígbà tí mo wọ yàrá, mo rí páálí kan lórí tábìlì. Òkè rẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé PENSION COMPLÈTE. Ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to oúnjẹ òwúrọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni ó parí ìlà kọ̀ọ̀kan: compris, compris, compris.

Ọdún kan ni mo ti fi kọ́ Faransé, mo sì ti ń fi í yangàn. Mo mọ ohun tí ń jẹ́ pension: owó ìfẹ̀yìntì ni, èyí tí àwọn olùkọ́ àgbà ilẹ̀ wa ń lé kiri ọ́fíìsì títí wọn yóò fi di ẹni ilẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé àwọn arúgbó tí wọ́n ti gba owó ìfẹ̀yìntì wọn pé pérépéré ni a kọ ilé yìí fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọjú wo yàrá ìjẹun, mo rí àlejò kejì: bàbá arúgbó kan, ọ̀pá ní ọwọ́, tí ó ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni ó wà. Mo ní, ẹni tí ó ni pension nìyẹn.

Ní ti compris, mo mọ̀ ọ́n dájú ju orúkọ mi lọ. Ní ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni olùkọ́ wa máa ń béèrè pé, "Compris?" tí gbogbo wa yóò sì hó pé, "Compris!" Ìyẹn ni pé, ṣé ó ti yé yín? Ó ti yé wa. Nítorí náà, ìkìlọ̀ ni páálí náà ń ṣe fún mi. Oúnjẹ òwúrọ̀: ṣé ó yé ọ? Oúnjẹ alẹ́: ṣé ó yé ọ? Ó yé mi! Wọ́n fẹ́ kí n mọ̀ pé kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Báyìí ni ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàrin èmi àti àwọn tí ó fẹ́ tọ́jú mi. Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, alágbàfọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó wá gba aṣọ. Mo di apá kan ẹ̀wù mi mú, ó di apá kejì. Bí ó ti lọ, mo wọ ṣòkòtò méjì lé ara wọn kí ó má baà rí èyí tí yóò fọ̀. Mo fi bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí n ó sì padà, ó ti ń dán bí dígí; mo sáré fi ẹrẹ̀ pa á kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo gbádùn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gbé agboòrùn tẹ̀lé àlejò. Ẹ sì mọ̀ pé oṣù keje àti ìkẹjọ ni òjò Douala máa ń pọ̀ jù lọ. Mo ń sá fún un yípo ilé, mo sì ń tutù bí ẹja.

Nínú gbogbo wọn, ayékòótọ́ kan tí ó wà nínú àgò níbi ìgbàlejò ni ó burú jù. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá lọ ní jẹ́jẹ́, yóò kígbe pé, "C'est compris! C'est compris!" Mo gbà pé wọ́n ti kọ́ ẹyẹ pàápàá láti máa rán onígbèsè létí.

Ìyá kan wà tí ó ń se oúnjẹ níbẹ̀, àgbàlagbà, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ó fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá pè mí. Òórùn ohun tí ó sè ti dé ṣáájú rẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé n kò lówó, ojú sì tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ní kí ó ka páálí fún mi, nítorí mo ti fọ́n Faransé fún gbogbo wọn ní alẹ́ àná. Irọ́ tí ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo pa. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, mò ń gbààwẹ̀ ni."

Ó tẹrí ba, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tún dé: ó ti gbé oúnjẹ ìṣínu wá! Mo ní ààwẹ̀ tèmi kì í ní ìṣínu, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Ó tẹjú mọ́ mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bí ó ti jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ gààrí Ìjẹ̀bú tí ìyá mi dì sínú àpò mi, mo sì fi omi ẹ̀rọ rẹ ẹ́ nínú ife ìfọyín. Ìwọ̀nba rẹ̀ ni, mo ní láti pín in sí ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo sá fún òórùn ọ̀sán, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà odò Dibamba. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì kọ́ afárá reluwé sí nígbà tí wọ́n ń jọba lórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gé afárá ọ̀hún nígbà ogun ní ọdún 1914, tí àwọn ọmọ ogun Faransé, tí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà wà nínú wọn, fi la ìbọn kọjá ní oṣù kẹwàá. Ó yẹ kí n dúró ronú lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kú níbẹ̀ nínú ìjà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ forí jì mí, oúnjẹ ni mo rò. Mo rántí pé àwọn atukọ̀ Potogí àtijọ́ ni wọ́n rí edé púpọ̀ nínú odò Wouri tí wọ́n fi pè é ní Odò Edé, Rio dos Camarões, láti inú èyí tí orúkọ Kamẹrúùnù ti jáde. Ebi ń pa mí kú lọ ní orílẹ̀-èdè tí a fi ọbẹ̀ sọ lórúkọ.

Nígbà tí mo padà, ìyá náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò gbé àwo lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní olùkọ́ ni ọ́. Ọmọbìnrin mi ṣe ìdánwò BEPC. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí, bàbá rẹ̀ sì ní bí ó bá tún kùnà, òun kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìwọ tí ò ń gbààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu, jọ̀wọ́, bá mi dárúkọ rẹ̀."

Kí ni kí n wí? Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ, kì í sì í ṣe ebi nìkan ni ó gbẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo gbàdúrà, mo sì gbà á gidigidi, nítorí èmi náà mọ bí ó ti rí láti dúró de èsì ìdánwò nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ti di àríyànjiyàn nínú ilé. Ní òru náà n kò sùn. Irọ́ tí mo pa nítorí àwo oúnjẹ kan ti di ohun tí obìnrin náà gbé ìrètí ọmọ rẹ̀ lé.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí ó tún kan ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì rí hóró gààrí mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀. "Ọmọ tí ó ń tún ibùsùn ṣe ni ó rí i lórí aṣọ ìbùsùn rẹ. Àwa náà ń mu gààrí níhìn-ín, mo mọ̀ ọ́n. Sọ fún mi, kí ni ìkòkò mi fi ṣe ọ́? Ṣé o rò pé n ó fún ọ ní májèlé ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: sẹ́fà Kutọnu, ìwé gbèsè, páálí, àní ṣòkòtò méjì. Ó gbé páálí náà, ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde ní ojú rẹ̀. Ó ní compris tí ó wà nínú páálí kò béèrè bóyá nǹkan yé ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú owó tí a ti san ni. Pension complète sì ni ibùsùn àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti san gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Yàtọ̀ sí owó takisí, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹyẹ náà ti ń sọ òótọ́ fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán.

Ó mú mi lọ sí ilé ìdáná, ó bu ndolé fún mi pẹ̀lú miondo, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ tí a sì fi ewé dì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ewúro wa yìí náà ni ndolé! Wọ́n fọ̀ ọ́ títí kíkorò rẹ̀ fi rọ̀, wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ sè é, edé sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo jẹ àwo mẹ́ta. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Àdúrà àná, ẹni tí kò gbààwẹ̀ ni ó gbà á."

Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó bu ẹ̀kẹrin. Ó ní, "Ṣé ebi kò pa ọ́ ni?"

Mo ní ó pa mí gan-an.

Ó ní, "Ó ti tó. Jẹun."

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Douala. Ó ní ìyá alásè ní kí òun kí mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ yege. Ó sì ní kí òun béèrè ọjọ́ tí n ó tún wá gbààwẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí àbúrò ọmọ náà ọkùnrin yóò ṣe ìdánwò tirẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, ìṣirò kò sì wọ̀ ọ́ lórí rárá.