Òkété tó dàgbà, tí ò lọ́mọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, òwe kan wà tá a máa ń pa fáwọn ọmọ wa nígbà tówó bá tán lọ́wọ́ wa: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Òwe yẹn dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: òkété tó dàgbà, tí ò lọ́mọ, ọmú ta ni yóò mu?

Mi ò fi ìbéèrè yẹn ṣeré o. Ní Igbemo-Èkìtì, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìrẹsì, àwọn kan tí ilé wọn sún mọ́ ti yèyé mi kó lọ sí Èkó. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó ìkòkò. Òkété tí ọmọ wọn ti ń sìn láti kékeré, tó ti tó bí ọdún mẹ́fà, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú àgò onírin lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ kẹta ni yèyé mi gbọ́ tó ń họ irin.

Èmi tí mo wá kí wọn láti Adó ni mo lọ gbé e. Ó ti rù kan eegun, irun ẹ̀yìn ẹ̀ ti re, ehín ẹ̀ sì ti gùn jù, torí ehín iwájú òkété kì í yéé hù. Ọdẹ àdúgbò kan rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: “Bùrọ̀dá oníwèé-ìròyìn, ẹ gbé e wá jàre, ata nìkan ló kù.” Mo ní rárá o. Èmi náà ń jẹ ẹran òkété, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti sọ lórúkọ, tó ń jáde tí wọ́n bá pè é, ìyẹn ti kúrò lẹ́ran ọbẹ̀.

Ibà Lassa ni yèyé mi ń bẹ̀rù, wọn ò sì jẹ̀bi, torí Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní in ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Mo ṣàlàyé pé eku ilé kékeré kan làwọn dókítà mọ̀ mọ́ àìsàn yẹn, kì í ṣe òkété. Síbẹ̀, a gbé àgò ẹ̀ jìnnà sílé ìdáná, a ń wọ ìbọ̀wọ́ ká tó palẹ̀ ìgbẹ́ ẹ̀ mọ́, a ń fi ọṣẹ fọwọ́, a sì ń dé gbogbo oúnjẹ wa.

Dókítà ẹranko kan ní Adó bá wa gé ehín ẹ̀. Ìrẹsì tá a sè rọ̀ àti iṣu la kọ́kọ́ ń fún un. Nígbà tó lókun díẹ̀, a fi ekùrọ́ kún un. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa jí, á kó oúnjẹ sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, á gbé e lọ sínú àkísà ẹ̀. Yèyé mi tó ń bẹ̀rù ló wá ń pè mí lórí fóònù: “Ọmọ mi, ó jẹun lónìí o.” Oṣù márùn-ún ló lò lọ́dọ̀ wa kó tó sùn tí ò jí mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé orí mi ò pé, ẹ gbọ́ ti Magawa. Òkété lòun náà, Tanzania ni wọ́n ti bí i ní 2013. Ẹgbẹ́ APOPO ló kọ́ ọ láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, torí òkété ò wúwo débi tí bọ́ǹbù á fi bú tó bá tẹ̀ ẹ́. Láàárín ọdún márùn-ún ní Cambodia, ó rí èyí tó lé ní 100. Ní 2020, ẹgbẹ́ PDSA tó ń ṣàánú ẹranko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Eku kankan ò gbà á rí ṣáájú ẹ̀. Nígbà tára ẹ̀ ò gbé e mọ́ ní 2021, wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì. Wọn ò jù ú síta o. Wọ́n ń bọ́ ọ títí tó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2022, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Òkété tiwa ò rí bọ́ǹbù kankan. Àmọ́ ó bá ọmọ kan ṣeré fọ́dún mẹ́fà, iṣẹ́ nìyẹn náà. Ẹ̀yin òbí, tọ́mọ yín bá gbé òkété, ajá tàbí ológbò wálé, ẹ ka iye ọdún tó lè lò kẹ́ ẹ tó gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó lọ, ẹ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín kí mọ́tò tó dé. Ọmọ yín ń wò yín o. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dàgbà, tẹ́ ẹ wá pa òwe òkété fún un, ó lè rántí èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé.