Ìbejì Inú Oògùn Ibà

Ní Igbó-Ọrà, ìbejì kì í ṣe ohun ìyanu. Èmi ni Táíwò. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mi.

Ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, ibà dá Kẹ́hìndé wólẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti yá, ó ti ń bá mi du ẹran inú ọbẹ̀ ìlasa. Mo ní kó fi èyí tó kù pamọ́, nítorí oògùn wọ́n. Màmá wa kò mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibà náà padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó ti ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ mẹ́ta, mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn mi ló fà á.

Mo lọ bi olùkọ́ kẹ́mísírì wa bí oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni Ìyáàfin Tu Youyou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí i ní 1972. Ìyáàfin Tu gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Artemisinin ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀, átọ̀mù ọ́síjìn méjì di ara wọn mú bí ìbejì. Kòkòrò ibà a máa jẹ pupa ẹ̀jẹ̀ wa, irin sì wà nínú pupa náà. Bí irin yìí bá kan ìbejì ọ́síjìn, wọ́n á já kúrò lára ara wọn, wọ́n á sì ba ara kòkòrò náà jẹ́. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú méjèèjì, oògùn náà kò lágbára mọ́, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ pé.

Àwọn onímọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe irú ìbejì yìí láìlo ewé. Ọ̀kan ni arterolane, tí Íńdíà fọwọ́ sí. Wọ́n fi ìdì kábọ́nù kan ṣọ́ àwọn ọ́síjìn náà, bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra. Bí ọ̀já bá tú jù, ìbejì á já kó tó débi iṣẹ́. Bí ó bá fún jù, irin kò ní lè kàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n irú oògùn yìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á pọ̀ mọ́ òmíràn tó máa ń pẹ́, tí a sì gbọ́dọ̀ lò ó pé ọjọ́ mẹ́ta. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù yóò tún bí sí i.

Kẹ́hìndé ti gbádùn. Nígbà tí ibà mú èmi náà ní oṣù tó kọjá, òun ló ń ka oògùn fún mi. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe gbé èyí tó kẹ́yìn mì.