Iwájú Orí Àwọn Klingon

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti jiyàn lé lórí títí. Láti 1967 sí 1969, iwájú orí àwọn Klingon, jagunjagun ará ayé mìíràn, tẹ́jú bíi tiwa. Nínú fíìmù 1979, ó di gbágungbàgun. A mọ̀ pé owó àtiṣe ojú òṣèré ni kò tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìtàn gan-an la ti ń wá ìdí. Ní 1996 wọ́n bi Worf, ọmọ Klingon. Ó ní àwọn kì í bá ará ìta sọ ọ́. Ọdún 2005 ni eré náà tó ṣàlàyé pé àrùn ló fà á. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ ló ń rí ibi tó ya. Òun náà ló ń wá abẹ́rẹ́.